Ìdọ̀bálẹ̀ Akóredé ní Pápá Sharjah

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń sọ ìtàn bésíbọ́ọ̀lù léèrè, wọn ò ní dárúkọ Akóredé Ògúnjọbí fún yín. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi Nusirat mọ̀ ọ́n, torí ọ́fíìsì kágò mi ní Al Muraqqabat, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, ló ti máa ń bá wa di ẹrù ní ọjọ́ off rẹ̀. Mo wà ní pápá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà parí. Ọjọ́ kan náà ni.

Sekúríìtì ni Akóredé, ní ilé gíga kan ní Al Mamzar, níbi tó ti ń ṣí géètì fún àwọn tí kì í kí i. Contract ọdún méjì ni wọ́n fún un, ó sì ti ń lọ sópin. Ilé-iṣẹ́ wọn ti sọ pé àwọn ò ní tún un ṣe fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn ti ra kámẹ́rà, kámẹ́rà kì í sì í béèrè oúnjẹ. Tí visa bá ti tán, ilé ni. Akóredé ò sì fẹ́ lọ sílé, pàápàá jù lọ nísinsìnyí tí àwọn olówó kan dá lííìgì bésíbọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀, eré kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré.

Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú lííìgì náà ló gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ti ń gbé ìlú yìí tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Sharjah Camels ṣì ń wá tiwọn. Gabriel ni kóòṣì wọn, bàbá kan láti Dominican Republic tó máa ń jẹ kóró òdòdó bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, tó sì ń tu èèpo rẹ̀ sínú ife, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa títu nǹkan sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ó rí Akóredé níbi tí òun àti àwọn Filipino kan ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó pè é.

"Màá fi ọ́ sínú eré kan," Gabriel ní. "Tó o bá ṣe dáadáa, a ó gba visa rẹ sọ́dọ̀ wa. Tó ò bá ṣe dáadáa, khalas, ó parí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Eré kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà bí Akóredé ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti Tàíbátù, ẹni tí a jọ ń ṣe kágò. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ọ̀tá rẹ̀ á fi igi gbá a. Tó bá ti gbá a, á sáré. Ìrọ̀rí funfun mẹ́ta ló wà nílẹ̀ káàkiri pápá. Tó bá yí wọn ká tó padà síbi tó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ ọ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá kan ìrọ̀rí, kò sẹ́ni tó lè fi í ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tó bá kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kàn án lára, wọ́n á ní ó ti kú, á lọ jókòó. Tí ẹnì kan bá fẹ́ so okùn bàtà tàbí kó nu ojú, á ké "Time," adájọ́ á gbọ́wọ́ sókè, gbogbo nǹkan á dúró jẹ́ẹ́.

Tàíbátù rò ó síwá sẹ́yìn. "Àgbàlagbà ni wọ́n?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n, ma."

"Wọ́n sì ń sáré lé ìrọ̀rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ìwọ tí o kì í rí oorun sùn."

Akóredé ń so okùn mọ́ báálì aṣọ kan, ó so ó le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbàdàn ló ti kọ́ eré yìí, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Làtífù. Kò sí igi gidi nígbà náà. Ọmọ odó ìyá Akóredé ni wọ́n jí gbé, wọ́n fá a tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá náà sì wá a títí tí iyán fi di ohun ìrántí nílé wọn. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí wọ́n fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ni wọ́n ń jù. Ohun kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n Làtífù ní ni ìbọ̀wọ́ aláwọ kan tó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, òun ni wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù, kí ọwọ́ ọ̀tún lè ráyè jù ú. Àwọn òbí wá bá a jà. Wọ́n ní irú ẹ̀kọ́ wo ni kí ọmọ máa fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

"Ní pápá," Ẹ̀gbọ́n Làtífù sọ fún wọn, "ọwọ́ òsì kì í ṣe àfojúdi. Irinṣẹ́ ni."

Àwọn òbí fara mọ́ ọn, torí ní ti ìkíni, kò sí ẹni tó le tó o. Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò bá dọ̀bálẹ̀ kí òun lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi. Kì í ṣe kí wọ́n tẹ̀ ba o. Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Akóredé sọ fún mi pé ọmọ kan wà tí oówo sọ lọ́mú, ó dọ̀bálẹ̀ náà ni. Tí àyà bá ti kanlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ náà, á ní, "Wàá dàgbà," á wá béèrè ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn lo tó lè dìde lọ mú igi.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Làtífù gba ìlú òyìnbó lọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì, ó gbá a ní Czech, ó gbá a níbi tí yìnyín ti ń bo àwọn ìrọ̀rí náà mọ́lẹ̀. Kò lókìkí níbì kankan, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti lé e. Ọdún yìí, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Deira Sharks mú un wá, kó máa ṣọ́ ìrọ̀rí kejì fún wọn. Ìwé wọn sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ dàgbà ládùúgbò kan ni, èmi sì ti lé ní ogójì.

Sharks yìí gan-an ni Camels fẹ́ bá gbá lọ́jọ́ ìdánwò Akóredé. Inú rẹ̀ dùn, àfi bí ẹni tí ìjọba fún nílẹ̀.

"Màá tètè débẹ̀," ó ní. "Màá lọ kí wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

"Pè é lórí fóònù," mo ní. "Kí ọ̀rọ̀ kíkí kúrò nílẹ̀."

Ó wò mí. "Àǹtí Nusi, ta ló ń dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù?"

Ọjọ́ Sátidé ni. Akóredé ní duty àárọ̀, ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń jẹun lọ́wọ́. Nígbà tó jẹun tán, tó tún bọ́ sí ilé ìwẹ̀, eré ti bẹ̀rẹ̀ ní Sharjah, ìlú tó múlé ti tiwa. Ẹ lè fojú ara yín rí Sharjah láti etí òkun Al Mamzar. Rírí ni, dídé ló kù. Gbogbo mọ́tò tó wà láyé ló wà lójú ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án Sátidé. Inú takisí ni Akóredé ti bọ́ aṣọ sekúríìtì, tó wọ aṣọ Camels, tí awakọ̀ ọmọ Peshawar ń wò ó nínú dígí, tó ń bi í bóyá ó sá kúrò lẹ́wọ̀n ni.

Èmi àti Tàíbátù ti jókòó lórí ìjókòó pẹ̀lú chin-chin wa. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yá. Àwọn Pakistani kan wà lẹ́yìn wa tí wọ́n rò pé kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wá wò. Inú ń bí wọn, àmọ́ wọn ò dìde. Eré ti lọ jìnnà kí Akóredé tó sáré wọlé, tó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí i tó ń na ọrùn, tó ń wá Ẹ̀gbọ́n Làtífù. Ẹ̀gbọ́n wà lójú pápá, iṣẹ́ ń lọ. Kò sí ààyè ìkíni.

Ó wá ku ìgbà ìkẹyìn tí Camels máa fi igi gbá. Sharks fi ọ̀kan ju Camels lọ. Méjì ti kú nínú àwọn Camels. Tí ẹnì kẹta bá kú, ó tán. Tí ẹnì kan bá gbá a, tó sì yí padà délé, ó di ọ̀mì, wọ́n á tún máa bá a lọ. Gabriel tu èèpo sínú ife, ó wo gbogbo bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ìwọ."

Akóredé gbé igi jáde. Wọ́n ju àkọ́kọ́, kò bá a. Wọ́n ju ìkejì, kò bá a. Tàíbátù ní ọmọ odó ló mọ́ ọn lọ́wọ́, igi yìí ti fẹ́lẹ́ jù. Tí ìkẹta náà bá kọjá, ó kú nìyẹn. Wọ́n ju ìkẹta.

Ó dún bí ìgbà tí ọmọ odó bá kan ìdí odó. Bọ́ọ̀lù náà fò lọ sí ìpẹ̀kun pápá, Akóredé sì ń sáré. Ó kọjá ìrọ̀rí àkọ́kọ́, ó dorí kọ ìkejì, wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi àyà wọ́lẹ̀ tuuru títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ìrọ̀rí. Bọ́ọ̀lù dé lẹ́yìn tó ti dé. Adájọ́ na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́: kò kú.

Ẹ̀gbọ́n Làtífù ló dúró níbẹ̀, lórí rẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù nínú ìbọ̀wọ́.

"Ó ti kí i nìyẹn," Tàíbátù ní.

Kò tíì kí i. Ìrọ̀rí ló dọ̀bálẹ̀ fún. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà, ẹsẹ̀ kan lórí ìrọ̀rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Gabriel pàápàá ti gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Visa náà ti wà lójú ọ̀nà. Akóredé wá gbójú sókè, ó rí ojú Ẹ̀gbọ́n Làtífù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti pẹ́.

Mo rí ọrùn rẹ̀ tó rọ̀. Mo ti mọ ohun tó kàn. Mo dìde, mo ní, "Akóredé, má ṣe é o, má ṣe é." Ọ̀kan nínú àwọn Pakistani ní kí n jókòó, òun ò ríran.

Ọmọ tí wọ́n bí ire kì í dọ̀bálẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ nǹkan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so. Akóredé kúrò lórí ìrọ̀rí náà, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ fìlà, ó sì nà gbalaja. Àyà kanlẹ̀. Mo jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀gbọ́n Làtífù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Wàá dàgbà," ó ní, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Adájọ́ di ẹ̀ṣẹ́, ó nà á sókè. Ó kú. Eré parí. Àwọn Sharks ń fò mọ́ ara wọn, wọ́n ń bu omi lu ara wọn lórí. Akóredé ṣì wà nílẹ̀. Ó ń dúró kí wọ́n béèrè ìyá rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi bẹ́ǹṣì. Sekúríìtì ibẹ̀ fẹ́ dá mi dúró. Mo wò ó, ó yà. Mo bá Gabriel níwájú Akóredé, ohùn Gabriel lọ sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi kúrò lórí ìrọ̀rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sir."

"Wọ́n jọ bí yín?"

"Rárá, sir."

"Kí ló wá jẹ́ sí ọ?"

Akóredé ronú. "Wọ́n jù mí lọ."

Gabriel mú kóró kan, kò jẹ ẹ́. "Èmi náà jù ọ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir. Mo kí yín nígbà tí mo dé."

Òótọ́ ni. Gabriel rò pé ńṣe ló ń na ara nígbà yẹn. Ó wo inú ife rẹ̀, ó ní òun ò rí irú èyí rí láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò sì ní lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ni ẹgbẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti mú ẹlòmíì, ọmọ Kerala kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ilé-iṣẹ́ sekúríìtì sì fi tíkẹ́ẹ̀tì Akóredé ránṣẹ́ sí i.

Ẹnì kan ti fi fóònù ya fídíò ìdọ̀bálẹ̀ náà, ó sì tàn ká gbogbo Deira, àdúgbò ọ́fíìsì wa. Níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ni. Àwọn kan ní fífi tó fi àyà wọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó, ìkejì ni àṣejù. Alhaji kan tó ń kó síńkì ránṣẹ́ sílé ní ó sàn kí visa ọmọ bọ́ ju kí ẹ̀kọ́ ilé bọ́ lọ. Mo bi í pé ta ló ti lé e nílùú rí. Ó ní òun ò bá obìnrin sọ̀rọ̀. Mo ní ó ṣe dáadáa, kó máa bá síńkì sọ ọ́.

Àmọ́ ohun tí èmi rí nínú fídíò náà yàtọ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Ọwọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Làtífù fi kan ẹ̀yìn ọmọ yẹn, ọwọ́ tí ìbọ̀wọ́ wà ni. Ọwọ́ òsì. Ẹ jọ̀ọ́, àgbà wo ló ń fi ọwọ́ òsì súre?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wọ ọ́fíìsì mi, pẹ̀lú firíìjì kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Èmi náà nílé tí mo ti wá. Nígbà tí mo dìde, mo ní n ò ní wọn firíìjì náà.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan. Ọwọ́ wo lẹ fi kan Akóredé?"

Tàíbátù gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Kì í gbé e sílẹ̀ lásán.

"Ọwọ́ òsì ni," Ẹ̀gbọ́n ní.

N ò retí pé á gbà kíákíá bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ dè é ni kò wúlò mọ́. "Bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Inú ẹ̀ náà ló wà."

"Ẹ sì mọ̀."

"Nusirat, láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ ìbọ̀wọ́, tí eṣinṣin bá bà sínú rẹ̀, màá mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí pé tí kò bá dọ̀bálẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ẹ pa á."

"Mo súre fún un, ẹnu ni mo fi súre. Ọwọ́ òsì kì í súre, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ láti kékeré."

"Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbé ọwọ́ lé firíìjì náà. "Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ mi, ọkùnrin kan nà sílẹ̀ níwájú mi, gbogbo ayé ń wò ó. Tí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á ní ojú mi ti ń ṣú. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á béèrè ọjọ́ orí mi."

"Mẹ́rìndínlógójì," Tàíbátù ní.

"Bí ìwé ṣe wí nìyẹn," Ẹ̀gbọ́n ní.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Akóredé wọlé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, pé ká bá òun kó o mọ́ ẹrù Ìbàdàn. Fìlà Camels wà lórí rẹ̀; wọ́n gbàgbé láti gbà á. Ó rí Ẹ̀gbọ́n Làtífù, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì rí i tó dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kí ló wà lọ́wọ́ òsì yín?"

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni."

"Ẹ bá mi gbé e sílẹ̀, sir."

Ẹ̀gbọ́n gbé e lé orí firíìjì. Ó na ọwọ́ méjèèjì, òfìfo. "Inú ń bí ọ sí mi."

"Rárá, sir. Mo kàn ń lọ ni. Ọ̀túnla."

"Mo gbọ́." Ẹ̀gbọ́n wo àpótí náà. "Pápá ẹ̀yìn ilé-ìwé yẹn ṣì wà. Àwọn ọmọ ń bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn."

"Kí ni kí n kọ́ wọn, sir?"

Ẹ̀gbọ́n Làtífù rò ó dáadáa. Ó hàn pé ó ti rò ó tẹ́lẹ̀. "Kọ́ wọn kí wọ́n máa ké Time kí wọ́n tó kí èèyàn."

Akóredé mi orí, bí ẹni tí wọ́n júwe ibi tí á ti wọ metro fún. Ó gbé àpótí sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè tààrà.

"Time," ó ní.

A wo ara wa. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo ni ọ́fíìsì, èmi náà gbé ọwọ́ mi sókè, gbogbo nǹkan sì dúró. Akóredé bọ́ fìlà, ó nà gbalaja láàárín àwọn báálì. Àyà kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Làtífù bẹ̀rẹ̀, eegun rẹ̀ dún, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀yìn rẹ̀.

"Wàá dàgbà."

"Àmín, sir."

"Ṣé kò kú báyìí?" Tàíbátù bi mí.

"Kò kú," mo ní, mo sì gbé firíìjì náà sórí òṣùwọ̀n.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n ní.

"Wọ́n wà, sir," Akóredé ní láti ilẹ̀. "Wọ́n ṣì ń béèrè ọmọ odó wọn."